Pákó tútù tí wọ́n tà fún mi ní gbígbẹ: ìrírí mi nídìí àpótí ìrántí

Gbígbẹ ni ẹni tó ta pákó fún mi pè é, owó gbígbẹ ló sì gbà. Kò pẹ́ tí mo kan àpótí tí mo fẹ́ máa kó lẹ́tà àti fọ́tò ìyá mi sí tán tí igun ọmọrí rẹ̀ kan fi ká sókè. Kò padé mọ́. Ó dùn mí wọra.

Wíwọ̀n àti rírẹ́ ò gba àlàyé, ẹni tó ti di ayùn mú rí mọ̀ ọ́n. Omi inú igi ni wàhálà. Pákó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní òòró. Ìbú ló ti ń fún. Bí ojú kan bá yára gbẹ ju èkejì lọ, yóò ká ni. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi afẹ́fẹ́ lásán gbẹ pákó tó nípọn tó mìlímítà 25, ó lè gbà tó ọdún kan.

Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi, òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni mo lò. Mo gbé pákó kan lé e, mo fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Mo tún padà wá wọ̀n ọ́n, ó ti fúyẹ́ sí i, mo fagi lé ti àkọ́kọ́, mo kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń wálẹ̀ ni inú ń bí mi, torí omi ni mo fowó rà! Mo fi igi tín-ín-rín sáàárín àwọn pákó náà kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, mo sì kun ẹnu wọn méjèèjì ní ọ̀dà kó má baà sán. Ìgbà tí ìwọ̀n ò yí padà mọ́ ni mo tó tún mú ayùn.

Èyí tí mo wá kàn yìí, ẹ wò ó! Inú ojú ihò tóóró tí mo gbẹ́ sára ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti òkè àti ìsàlẹ̀ bọ̀, láìfi gúlù sí i, kí pákó lè ráyè wú, kó ráyè fún. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni mo fi gúlù lẹ̀ pọ̀, àpótí náà sì pa dé ní odidi, lẹ́yìn náà ni mo rẹ́ ọmọrí kúrò lára rẹ̀. Ìlà ara igi ń bá a lọ láti àpótí dé ọmọrí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kàn án, ẹ ra pákó sílẹ̀ ṣáájú, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ má fi epo linseed, ìyẹn epo irúgbìn tí wọ́n fi ń kun igi, kun inú rẹ̀ o, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ohun tó ní ìdérí. Shellac, ìyẹn ọ̀dà dídán tí wọ́n ń fi oje ara kòkòrò ṣe, ni mo fi kun tèmi.