Bí A Ṣe Lè Fi Owó Ìgbọ́bùkátà Ìlú Wa Wé Ìpíndọ́gba Gbogbo Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, ló jẹ́ pé iye owó oṣù nìkan ni wọ́n ń wò nígbà tí iṣẹ́ bá yọjú ní Àbújá. Ẹni tó ń gba ₦120,000 ní Kàbà, tí wọ́n wá ní àwọn yóò máa san ₦150,000 fún, á ti máa di ẹrù rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìgbéga ni lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ṣe ni ó ń lọ sínú ìnira, nítorí pé ohun tí owó lè rà níbi tí a ó ti ná an ni agbára owó. Ọ̀nà tó dájú láti mọ èyí ṣáájú ìrìn àjò ni kí a mú ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a fi iye tí ọjà ń lọ níbẹ̀ wé ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè, kí a tó wá gbé ìlú méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwé, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù tó fún iṣẹ́ náà. Sùúrù ni ó gbà jù.

Kí a tó ṣírò ohunkóhun, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀: bí ọjà ṣe ń yára gbówó lórí sí, àti iye tí ọjà náà ń lọ gan-an. Lóṣooṣù ni àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìpínlẹ̀ Kogí ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú ìdá 31.50 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 25.80, ti oúnjẹ nìkan jẹ́ 38.84 ní Kogí, ó sì jẹ́ 29.34 fún gbogbo Nàìjíríà. Kíá ni àwọn kan ti ń sọ pé kò sí ibi tí ọjà ti wọ́n tó ìpínlẹ̀ wa mọ́. Àwọn nọ́ńbà yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, bí a bá fi Kogí ti oṣù kẹjọ 2023 wé Kogí kan náà ní oṣù kẹjọ 2022, ohun tí owó fi gorí owó pọ̀ ju ti ìpínlẹ̀ yòókù lọ. Bí ohun tí wọ́n ń tà ní ₦500 níbì kan bá di ₦657.50, ó ti lé ní ìdá 31.5, bí irú ohun kan náà bá kúrò ní ₦800 níbòmíràn tó di ₦1,000, ìdá 25 péré ni ó fi lé, síbẹ̀ ibi kejì yìí ni ọjà ti wọ́n jù.

NBS fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ìròyìn rẹ̀ pé kí a má fi ìwọ̀n yìí gbé ìpínlẹ̀ kan sórí òmíràn, nítorí pé ohun tí àwọn ará ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń náwó lé lórí yàtọ̀ síra. Iṣu wúwo nínú ìnáwó ilé tí wọ́n ti ń gún iyán lójoojúmọ́ ní Yàgbà. Kò lè wúwo bẹ́ẹ̀ ní ilé tó jẹ́ pé ìrẹsì àti búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ. Ohun mìíràn tún wà tó ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà: ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ ìdá 34.80 ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó sì já sí 24.48 ní oṣù kìíní ọdún 2025. Kì í ṣe pé ọjà rọ̀. Ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ni wọ́n yí padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì dín ìpín tí oúnjẹ ní nínú ìṣirò náà kù láti ìdá 51.8 sí nǹkan bí 40. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé nǹkan ti dẹ̀rọ̀, á sì ti máa náwó bí ẹni tí ara rọ̀.

Ìròyìn tó wúlò fún wa ni èyí tó kọ iye owó ọjà ní náírà. NBS ní irú rẹ̀ fún àwọn oúnjẹ kan, fún owó ọkọ̀, fún bẹntiróòlù àti fún gáàsì ìdáná, orí ìkànnì wọn ni a sì ti lè rí i. Wọ́n máa ń kọ ìpíndọ́gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè sínú rẹ̀. Oṣù tí wọ́n lọ wo ọjà ni kí ẹ wò, ẹ má wo oṣù tí wọ́n gbé ìwé náà jáde. Bí ẹ bá sì bá ìlú Àbújá pàdé lórí ìkànnì Numbeo, tó ń fi owó ìgbọ́bùkátà àwọn ìlú àgbáyé wéra, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ rántí pé New York ni wọ́n fi ṣe 100 níbẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa Nàìjíríà sí Nàìjíríà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìnáwó tiyín sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí NBS wo ìnáwó àwọn ìdílé ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé oúnjẹ ló gba ìdá 56.65 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí ará Nàìjíríà ń ná. Tiyín lè kéré sí èyí tàbí kí ó jù ú lọ. Tiyín gan-an ni a nílò. Níbi tí àwa ará ilẹ̀ Okun ti sábà máa ń fo nǹkan ni ohun tó wá láti oko. Iṣu tí Bàbá fi ránṣẹ́ láti abúlé, gàárì tí ìyá ìyàwó dì sínú àpò, epo pupa inú jálá tí ẹ̀gbọ́n gbé wá: ẹ fi iye tí wọn ìbá fi rà á lọ́jà sí ojú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti kó dé Kubwa tàbí Gwagwalada, owó yín ni yóò máa ra púpọ̀ nínú wọn.

Ìgbà tí a bá dé ọjà ni iṣẹ́ tó gba ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kílò ni ìròyìn ìjọba fi ń ka ọ̀pọ̀ oúnjẹ, múdù sì ni àwọn ìyá ọlọ́jà wa fi ń wọn gàárì, ẹ̀wà àti ìrẹsì. Múdù kò dọ́gba. Wọ́n ti lu ìdí òmíràn wọnú, tí àyè tó wà nínú rẹ̀ sì ti dín kù. Ìyá kan á bù ú títí yóò fi yọ ṣóńṣó lókè, á tún fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra kí ó má dà nù, nígbà tí ẹlòmíràn á fi ọwọ́ nù ún gbọọrọ. Gàárì tó gbẹ dáadáa kò sì wúwo tó èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra múdù kan, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta ẹran tàbí adìyẹ nínú ọjà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣe é lọ́dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta, kí ẹ mú ìpíndọ́gba wọn. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé múdù gàárì jẹ́ ₦1,200, tí ó sì wọn kílò kan ààbọ̀: kílò kan di ₦800. Bí ìpíndọ́gba gbogbo orílẹ̀-èdè fún oṣù kan náà bá jẹ́ ₦860, ẹ pín 800 sí ọ̀nà 860, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Yóò fún yín ní 93, èyí tó túmọ̀ sí pé gàárì ìlú yín fi nǹkan bí ìdá méje rọ̀ ju ti Nàìjíríà lápapọ̀. Ní ti iṣu, ẹ má ka orí iṣu. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ má fi nọ́ńbà ìpínlẹ̀ Kogí rọ́pò ti ìlú yín. Ìpíndọ́gba ìpínlẹ̀ pa ilẹ̀ Ígálà, ilẹ̀ Ẹ̀bìrà àti ilẹ̀ Okun pọ̀ sójú kan. Ọjà Ìdàh tó wà létí odò Ọya àti ọjà Mópà kò lè ta ẹja ní iye kan náà. Bákan náà, iye owó iyàrá ní Ọbájànà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà, kò lè ṣe àpèjúwe Ògìdì. Oṣù tí ẹ bá yàn náà ní ohun tí ó lè fà. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, iye rẹ̀ á wálẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, á tún gòkè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, tí àkúnya omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá, ẹni tó bá kọ iye bẹntiróòlù sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kọ iye àjálù ni, kò kọ iye ìgbé ayé. Ó dára kí a kọ ti oṣù mẹ́ta tó jìnnà síra láàrin ọdún, kí a sì rí i dájú pé oṣù kan náà ni a mú ní ìlú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú nọ́ńbà àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ń ná ₦80,000 lóṣù ní Kàbà lórí ohun tí ìjọba ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: oúnjẹ gba ìdá 60 nínú rẹ̀, ọkọ̀ gba 20, gáàsì àti epo jẹnẹrétọ̀ gba 20. Ó ti fi ọjà Kàbà wé ti orílẹ̀-èdè, ó rí 92 fún oúnjẹ, 110 fún ọkọ̀, 105 fún gáàsì àti epo. Yóò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ìpín rẹ̀: 92 lọ́nà 0.60 jẹ́ 55.2, 110 lọ́nà 0.20 jẹ́ 22, 105 lọ́nà 0.20 jẹ́ 21. Àròpọ̀ rẹ̀ ni 98.2. Ó béèrè ti Àbújá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé níbẹ̀, ó rí 108, 130 àti 100. Pẹ̀lú ìpín kan náà, ó di 110.8. Kàbà fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ìpíndọ́gba, Àbújá sì fi nǹkan bí ìdá 11 ga jù ú lọ. Láti mọ iye tí ₦80,000 náà yóò dà ní Àbújá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 110.8, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 98.2. Ó jẹ́ nǹkan bí ₦90,265.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tíì mẹ́nu kan owó ilé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àwọn ìròyìn iye owó tí mo dárúkọ lókè kò ní iye owó ilé nínú, ẹni tó sì ń gbé agbo ilé bàbá rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ yóò ní òdo ní ìpín owó ilé. Òdo lọ́nà nọ́ńbà èyíkéyìí, òdo náà ni. Ìṣirò á wá fi í lọ́kàn balẹ̀ lásán. Náírà ni kí a fi ka owó ilé, ní tààrà. Ní Àbújá, owó ọdún kan tàbí méjì ni onílé sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, owó ajẹ́ǹtì àti ti ìwé àdéhùn a sì máa tó ìdá mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí iyàrá bá jẹ́ ₦400,000 lọ́dún, owó méjèèjì yẹn á sọ ọ́ di ₦480,000, èyí tó jẹ́ ₦40,000 lóṣù. Bí ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń san ₦10,000 ní Kàbà, tí ìnáwó rẹ̀ tó kù, bíi dátà, owó ilé ìwé àti ohun tó ń fi ránṣẹ́ sílé, bá jẹ́ ₦30,000 níbi méjèèjì, ₦120,000 ló ń ná nísinsìnyí, yóò sì máa ná ₦160,265 lọ́hùn-ún. Owó oṣù ₦150,000 yẹn á fi ₦10,265 dín. Nínú ₦40,265 tó lé, owó ilé nìkan ló kó ₦30,000. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa wò dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, nítorí pé iye ata àti tòmátò ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ará Àbújá, wọn kì í béèrè iye ilé.

Iná mànàmáná náà kò ṣeé fi orúkọ ìlú nìkan díwọ̀n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé iye iná àwọn tó wà ní Band A, tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, lọ sí ₦225 fún ẹyọ iná kan (kWh), láti nǹkan bí ₦68, iye náà sì ti yí padà láti ìgbà náà. Ẹni tó ti abúlé tí iná kì í pẹ́ bọ́ sí àdúgbò Band A yóò san owó púpọ̀ sí i lórí mítà, ṣùgbọ́n ó lè má ra bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ mọ́. Àròpọ̀ méjèèjì ni kí ẹ fi wéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀: iye owó ẹsẹ̀ kan kò tó, ẹ béèrè iye ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ láti Nyanya dé ibi iṣẹ́, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù, àlọ àti àbọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Lọ́kọ́jà lè lo ọ̀nà yìí láìkó lọ síbì kankan. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ sọ di òfin ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ti ìpínlẹ̀ Kogí jẹ́ ₦72,500. Ẹ pín èkejì sí ọ̀nà èkíní, yóò fún yín ní nǹkan bí 103.6 lórí 100. Bí ìṣirò tí ẹ ṣe fún ọjà Lọ́kọ́jà bá ti kọjá 103.6, a jẹ́ pé ₦2,500 tó lé yẹn ti bá ọjà lọ, àti pé ẹni tó ń gba ₦70,000 níbi tí ọjà wà ní ìpíndọ́gba ń jẹun kánú jù yín lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ pé baálé ilé nìkan ni yóò lọ, tí ìyàwó àti ọmọ yóò dúró sí Kàbà, ìnáwó méjì ni kí ẹ ṣírò: ti ilé pẹ̀lú nọ́ńbà Kàbà, ti ẹni tó lọ pẹ̀lú nọ́ńbà Àbújá, kí ẹ sì fi owó ọkọ̀ gbogbo ìgbà tí yóò máa wálé kún un.