Tí Olè Bá Gbé Fóònù Yín, Síìmù Ló Máa Kọ́kọ́ Yọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ìka tàbí ojú ti fóònù wọn pa, ọkàn wọn sì ti balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè débi owó wọn ní báńkì. Olè tó mọṣẹ́ kì í bá ilẹ̀kùn yẹn jà. Síìmù ló máa fà yọ, á fi sínú fóònù mìíràn, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ yín á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Á tẹ *737#, *894# tàbí kóòdù báńkì yòówù tí ẹ ń lò, á ní òun ti gbàgbé PIN. OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ẹ̀kan péré tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí. Nítorí náà, síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ tì, kó tó kan áàpù.

Síìmù ní PIN tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ti fóònù, kì í sì í ṣe ti báńkì. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pe 300, kí ẹ bi wọ́n léèrè PIN tó bá síìmù yín wá. Ẹ má méfò o! Tí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á ti ara rẹ̀ pa, PUK ni yóò máa béèrè. Nọ́ńbà mẹ́jọ tó ń ṣí síìmù tó ti ara rẹ̀ pa ni PUK, ó sì sábà máa ń wà lára ike tí wọ́n ti ya síìmù náà nígbà tí ẹ rà á. Ẹni tó bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, àfi kó lọ ṣe welcome back, ìyẹn ni pé kó gba síìmù tuntun fún nọ́ńbà kan náà.

Tí ẹ bá ti rí PIN náà gbà, ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ “SIM” síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan. Lórí iPhone, “SIM PIN” lẹ máa rí. Lórí Android, “SIM lock” tàbí “SIM card lock” ni. Ẹ tàn án, ẹ tẹ PIN tí wọ́n fún yín, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i padà sí tiyín. Ẹ má lo ọdún tí wọ́n bí yín: ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ tó wà nínú báàgì kan náà tí wọ́n já gbà mọ́ fóònù. Ó wá ku kí ẹ pa fóònù, kí ẹ tún tàn án. Tí kò bá béèrè PIN síìmù, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń lo síìmù méjì, kó ṣe méjèèjì.

Ibòmíì tún wà tó ń jò. Ẹ ti fóònù yín pa, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wá ní kí ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ bá rí ohun tó kọ kà láìṣí fóònù, olè náà á rí OTP kà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Notifications nínú Settings, kí ẹ ní kó máa bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nígbà tí fóònù bá wà ní títì.

Ní ti USSD, ìyẹn àwọn kóòdù bíi *737# yẹn, láti ọdún 2018 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti fi gbèdéke ₦100,000 lójúmọ́ sí i, àfi fún oníbàárà tó bá fọwọ́ síwèé pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oúnjẹ ilé ẹlòmíì fún odidi oṣù kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ áàpù nìkan lẹ ń lò, ẹ ní kí báńkì yọ USSD kúrò lórí àkáǹtì yín.

Ti àwọn gbájúẹ̀ tó ń pe èèyàn lórí fóònù wá ńkọ́? “Bàbá, ẹ kú ọ̀sán sà, báńkì yín ló ń pè. BVN yín ti fẹ́ di títì pa. Ẹ bá wa ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn.” Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ó ti wà lójú ibi tí wọ́n ti ń yí PIN padà, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn nìkan ló kù ú kù. Pé ó mọ orúkọ yín àti nọ́ńbà àkáǹtì yín kò jọ mí lójú: ta ni a kì í fún ní nọ́ńbà àkáǹtì? Àwọn mìíràn á ní kí ẹ tẹ **21*, kí ẹ fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e. Ìpè yín ni wọ́n ń darí sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹ tẹ *#21# láti wò ó bóyá wọ́n ti ṣe é. ##002# ló ń pa á rẹ́. Bákan náà, tí ẹ bá ń bá báńkì ṣàròyé lórí Facebook tàbí X, ẹni tó bá kọ́kọ́ fèsì pé kí ẹ wá bá òun nínú inbox lè má jẹ́ báńkì rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sókè òkun, ẹ má gbàgbé ìlà Nàìjíríà tó so mọ́ àkáǹtì yín. Ìlà tí kò bá pawó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè tì í. Tó bá tún lo oṣù mẹ́fà sí i bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ẹ máa fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà náà ní báńkì.

Tí wọ́n bá ti wá gbé fóònù náà lọ, àkáǹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ tì, fóònù ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí lẹ lè fi ṣe é. *737*51*74# ni ti GTBank. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ bi tiyín lónìí, kí ẹ há a sórí, torí inú fóònù tí wọ́n gbé lọ kọ́ lẹ ti máa kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ yá ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí ẹ fi pe 300 kí wọ́n ti síìmù. Tí owó bá ti jáde, ẹ lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ̀wé: iye owó, aago tó jáde, àti session ID, ìyẹn nọ́ńbà 30 tí wọ́n fi ń dá owó tó jáde náà mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kàn sí báńkì tó gba owó náà kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò rójútùú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́ sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ má kọ PIN tàbí OTP sínú rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ níbẹ̀.