Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, tàbí tí wọ́n bá mú ọmọ yín

Fọkanáísà ni mí, lẹ́bàá ọ̀nà Kábbà sí Ìyàrá, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọlọ́pàá ń gbé táyà wá, awakọ̀ ń gbé e wá, ọlọ́kadà náà ń gbé e wá, mo sì ń gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ìjà wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Ẹnìkan kò kí ẹnìkejì, ẹnìkan jágbe, ó parí.

Tí ẹ bá rí ọlọ́pàá níwájú, ẹ dẹ eré. Lálẹ́, ẹ rẹ iná iwájú sílẹ̀, ẹ tan tinú ọkọ̀, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajínigbé lójú ọ̀nà wa ń ba ẹni tó gbé ìbọn náà lẹ́rù. Ó fẹ́ rí ojú àti ọwọ́ yín. Ẹ tètè kí i: "Ẹ kú ìṣọ́ o, ọ̀gá." Bó bá jẹ́ ará ilẹ̀ Ọ̀kún wa níbí, ìkíni wa, "Ọ̀kún o", ti tó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ló gbé wọn wá, ìyàwó àti ọmọ wọn wà lọ́nà jíjìn. Ẹ sọ pé ìwé ọkọ̀ lẹ fẹ́ mú kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Ẹ má sì há owó sínú ìwé yẹn. Ẹni tó fún un á bú u tó bá kọjá tán, ẹni tó gbà á náà kò ní kà á kún ènìyàn.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Tí wọ́n bá mú ọmọ yín tàbí ọmọṣẹ́ yín, ẹ má kó ọ̀dọ́ rẹpẹtẹ lọ. Ẹ mú àgbà kan tàbí méjì dání. Ẹ kí àwọn tó wà nídìí kántà, kí ẹ béèrè ẹni tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀sùn rẹ̀?" Ẹ̀tọ́ ni ìbéèrè yẹn. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n mú láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín kìlómítà 40, kí wọ́n gbé e débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye àkókò tí kọ́ọ̀tù bá rí i pé ó tọ́. A kì í sanwó béèlì. Obìnrin lè ṣe onídùúró láti gba béèlì ènìyàn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò sì gbà kí wọ́n mú bàbá dípò ọmọ. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ tún un sọ. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ dákun, ẹ sọ ìdí tí ẹ fi dá ènìyàn dúró. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àyà yín hàn. Ẹ má kọjú ìbọn sí àwọn ìyá inú bọ́ọ̀sì. Bàbá tó mú àdá lọ sóko, ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ lọ ro. Ẹ má pè é ní "ìwọ". Ẹ má gbá ọlọ́kadà létí níṣojú ìyàwó rẹ̀. Kò ní gbàgbé, ọjọ́ tí ẹ bá ń wá ẹni tó rí ọ̀daràn, kò ní lanu.

Bí DPO tuntun bá dé, kí ìyálọ́jà àti olórí ọ̀dọ́ lọ kí i kí ẹjọ́ kankan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà àgọ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín.