Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú fífi èédú oníhò tú omi aró ká

Ẹni tí ó bá mọ omi aró tí àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ń dà nù yóò mọ ìdí tí a fi ń wá kátálísítì (ohun tí ń mú ìyípadà kẹ́míkà yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán) tí a fi èédú èèpo ekùrọ́ àti irin ṣe, èyí tí yóò mú kí háídírójìn pẹrọ́sáìdì tú aró náà ká. Àṣìṣe tí ó burú jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí a rí i pé omi mọ́ gaara, kí a sì sáré kéde pé kátálísítì wa ṣiṣẹ́. Èédú a máa fa aró mọ́ra láìsí pé ohunkóhun fọ́. Aró kàn ṣí kúrò nínú omi bọ́ sínú ihò ni. Ẹ má ṣe kọ èsì sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti dán èédú wò láìsí pẹrọ́sáìdì, pẹrọ́sáìdì láìsí èédú, àti èédú tí kò ní irin, nítorí eérú èèpo ekùrọ́ pàápàá lè ní irin tirẹ̀. Ẹ tún lo èédú kan náà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta: èyí tí ó kàn ń fa aró mọ́ra yóò kún.

Ẹ má sì lépa fífẹ̀ ojú èédú nìkan. Bí a bá fi KOH (potassium hydroxide) sun ún ní nǹkan bí 800 °C, gíráàmù kan lè ní ojú, pẹ̀lú ògiri inú àwọn ihò rẹ̀, tí ó ju 2,000 mítà onígun mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n náítírójìn tí ó tutù dé −196 °C ni a fi ń wọn iye yìí, mólékù rẹ̀ sì kéré púpọ̀ ju ti aró lọ. Ọ̀pọ̀ ihò tí KOH ń dá kò tó nanomítà 2 (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Aró kì í ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa, hóró irin kan tí ó tó nanomítà 4 sì lè dí ẹnu rẹ̀ pa. Ihò tí ó wà láàárín nanomítà 2 sí 50 ni ọ̀nà tí aró ń gbà wọlé. Phosphoric acid, bí ó bá pọ̀ tó, sábà máa ń dá irú rẹ̀.

KOH tí ó yọ́ a máa jẹ ìkòkò tánganran. Ti nickel ni kí ẹ lò.

Èyí tí ó kù ni àṣà fífi aró ìyẹ̀fun àti omi mímọ́ nìkan ṣe ìdánwò. Aláró ń lo sódà líle, omi rẹ̀ kì í sì í ṣe omi kíkan, bẹ́ẹ̀ pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó) tí ó súnmọ́ 3, ìyẹn omi kíkan, ni irin àti pẹrọ́sáìdì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ẹ bá sì fi ásíìdì sọ ọ́ di kíkan, ẹ sẹ́ èédú kúrò láàárín iṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá aró ṣì ń parẹ́ nínú omi tí ó kù: bí ó bá ń parẹ́, irin ti ń jò kúrò lára èédú yín.