Bí mo ṣe kọ́ àwọn student nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ Hadamar

Ìdánwò ethics tí mo ń máàkì ló bí mi nínú. Gbogbo wọn ti há Nuremberg Code ti 1947, ìlànà lórí ìwádìí ìṣègùn lára èèyàn, sórí, àmọ́ kò sí ìwé tí mo ṣí tí wọn ò ti ní dókítà nìkan ló pa àwọn aláìsàn lábẹ́ ìjọba Nazi ní Jámánì. Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo bá gba kíláàsì, mo fowó ara mi ṣe fọ́tókọ́pì, owó ńlá, school ò sì dá kọ́bọ̀ padà.

Orí Irmgard Huber la há sí. Òun ni olórí nọ́ọ̀sì ní Hadamar, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Jámánì tí wọ́n ti fi gáàsì pa bíi 10,000 èèyàn lọ́dún 1941 nìkan, kó tó wá kan oògùn àti abẹ́rẹ́. Àwọn student ní, "Ṣebí ọ̀gá ló ní kí wọ́n ṣe é mà, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ ṣe?" Mo ṣàlàyé títí, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún ń padà sí, ọ̀kan tiẹ̀ ní ní wọ́ọ̀dù òun, ẹni tó bá bi kọnsọ́táǹtì léèrè ọ̀rọ̀ ti fa wàhálà sọ́rùn ara ẹ̀ nìyẹn. Orí mi gbóná, torí òótọ́ ló ń sọ.

Mo bá pa projector, mo gbé trẹ́ẹ̀ oògùn kalẹ̀, mo ní ká ṣe drug round Obrawalde, ilé ìwòsàn ọpọlọ míì ní Jámánì ìgbà yẹn, tó ti di ara Poland báyìí. Nọ́ọ̀sì ló ń po oògùn oorun, Luminal tàbí Veronal, ju ìwọ̀n lọ sínú omi, òun náà ló ń gbé aláìsàn nílẹ̀ kó lè mu ún. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń bi ara wọn: ta ló ka tábúlẹ́ẹ̀tì? Ta ló di kọ́ọ̀bù mú? Ẹni tó sọ̀rọ̀ kọnsọ́táǹtì yẹn ló wá ń bá àwọn tó kù jiyàn! Inú mi dùn gan-an.

Mo wá sọ fún wọn pé nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó pa àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni wọ́n ti mú àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ní Treblinka àti Sobibor, àwọn àgọ́ tí wọ́n ti pa àwọn Júù. Huber gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1952. Ní 1965, kóòtù ní Munich dá nọ́ọ̀sì Obrawalde 14 sílẹ̀, ìyẹn ṣì ń bí mi nínú dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ má fi fọ́tò òkú bẹ̀rẹ̀, ojú wọn á kàn máa wo ibòmíì ni. Trẹ́ẹ̀ oògùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé jáde, kẹ́ ẹ sì sọ ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n ṣe ohun tí ò dáa. Rwanda 1994 ló kàn, ọ̀rọ̀ ọsibítù Butare tí wọ́n ti pa àwọn Tutsi tó ń gbàtọ́jú, wákàtí méjì ni mo sì máa gbà lọ́wọ́ wọn.