Prey on lédè Gẹ̀ẹ́sì: ìdáhùn sí ohun tí àwọn ọmọ tó ń múra WAEC ń bi mí l'Óṣogbo

Ṣé «pray on» náà kọ́ ni?
Rárá. Tó bá jẹ́ lẹ́tà a (pray), àdúrà ni. Tó bá jẹ́ lẹ́tà e (prey), ẹran pípa jẹ ni. Ìró kan náà ni wọ́n ní, etí ò lè yà wọ́n.

Ṣé mo lè yọ on kúrò?
Ẹ má yọ ọ́. Upon nìkan ló lè rọ́pò rẹ̀.

Fall prey to ńkọ́?
Ẹni tí wọ́n ń jẹ ló ń fall prey to. Ẹni tó ń jẹ ló ń prey on. Mo ti sọ èyí títí, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀bọ igbó Ọ̀ṣun já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ṣé prey on ni?
Rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ẹranko.

«The hawk preyed on my mother's chick yesterday.» Sípẹ́lì pé, síbẹ̀ tíṣà fàlà sí i. Kí ló dé?
Èyí ló le jù. Ọmọ kan l'Òkè-Fìà bá mi fà á gan-an. Ojú rẹ̀ ni àwòdì ṣe já wálẹ̀ láti orí páánù, tó gbé ọmọ adìyẹ lọ, tí ìyá adìyẹ ń pariwo kiri àgbàlá. «Ṣé kò pa á jẹ ni, sà?» Ó pa á jẹ. Àmọ́ prey on kì í sọ ti ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí ẹranko fi ń ṣe oúnjẹ ló ń sọ. Mo fi òwìwí ṣe àpẹẹrẹ, mo fi ejò ṣe é, ó ń mi orí, lọ́jọ́ kejì á tún kọ yesterday síbẹ̀. Ìgbà tí mo ní kó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ ló tó yé e. «Àwòdì máa ń gbé ọmọ adìyẹ»: Hawks prey on chicks. «Àwòdì gbé ọmọ adìyẹ wa lánàá»: A hawk carried off our chick. Bí ẹranko lẹ̀ ń sọ, tí «máa ń» bá wọ gbólóhùn yín, prey on náà á wọ̀ ọ́. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣé èèyàn lè prey on èèyàn?
Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn gbájú-ẹ̀ tó ń pe àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gba nọ́ńbà ATM wọn: Fraudsters prey on pensioners. Ẹni tí kò lágbára, tàbí tí ẹ̀rù ń bà, ló máa ń tẹ̀lé on. Olè tó fọ́ báńkì kò prey on báńkì.

«It preys on my mind»?
Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ yín lọ́kàn, kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ìrántí lásán kọ́. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ gbé gbólóhùn yín lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má bi ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń múra ìdánwò.