Mọ́tò Ń Rùn Bí Ohun Tó Ń Jó: Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lẹ́nu Ọlọ́kọ̀

Kó tó di ìbéèrè: bí èéfín bá ń rú tàbí bí òórùn bẹntiróò bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàgà. Afẹ́fẹ́ ni iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń wá.

Òórùn kan ṣáá ni mò ń gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń jó?
Imú yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò. Bó bá dà bíi rọ́bà, ẹ wo bẹ́líìtì. Bó bá dà bíi pílásítíìkì, wáyà ni. Bó bá dà bí irun tó ráná, bíréèkì tàbí kílọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá ń dùn nímú bíi ṣúgà tó jó, omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ló ń jò. “Ó ṣáà ń rùn” kò tó ohun tí mẹkáníìkì lè fi ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ tí mo gbéra ló bẹ̀rẹ̀.
Ẹ tú háńdì bíréèkì sílẹ̀.

Mo ti tú u.
Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Láílọ́ọ̀nù ojú títì ti lẹ̀ mọ́ sálẹ́ńsà. Ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ fi igi họ ọ́ kúrò.

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ló ti ń rùn.
Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ yé fi kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè. Bíréèkì wà fún un.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń rùn, rímù rẹ̀ sì ń gbóná.
Bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn ti há. Ẹ fi jáàkì gbé e, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí táyà. Bó bá le, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì. Bí omi bíréèkì bá tú jáde, tí táyà sì yí wẹ́rẹ́, písítìnì kọ́ ló há, họ́ọ̀sì rọ́bà ló ti dí nínú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá yí síbẹ̀, písítìnì tàbí píìnì tí kálípà (irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ díìsì) ń rìn lórí rẹ̀ ló dípẹtà. Gíríìsì bíréèkì ni kẹ́ ẹ fi sí píìnì náà. Gíríìsì tí wọ́n ń fi sí bẹ́ríìnì a máa mú kí rọ́bà rẹ̀ wú, á sì tún há. Ẹ sì lé afẹ́fẹ́ kúrò dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde.

Ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tapẹ́tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnì), síbẹ̀ ó ṣì ń jò.
Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù rèé. Ọ́ìlì ń yọ lẹ́bàá tapẹ́tì kọ́fà, ó ń kán sórí mánífóòdù sálẹ́ńsà (páìpù gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnì), ó sì ń jó níbẹ̀. Ìdí tí òórùn fi ń pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá dúró nìyẹn: bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á gbé e lọ. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kò burú. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í bi ara rẹ̀ ni pé, kí ló ń ti ọ́ìlì jáde?

Ẹ́ńjìnì a máa mí. Gáàsì tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ríìnì písítìnì kọjá wọ ìsàlẹ̀, fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń dá a padà kó lè jó tán. Bí ìdọ̀tí ọ́ìlì bá dí PCV, gáàsì kò ríbi gbà, á wá máa ti ọ́ìlì gba ibi tí gáskẹ́ẹ̀tì bá ti rọ̀ jù. Ẹ yọ PCV, kẹ́ ẹ mì ín: ó yẹ kó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹ ra tuntun. Ẹ tún wo họ́ọ̀sì rẹ̀, torí ó lè ti dí tàbí kó ti sán.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnì láìtẹná, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ gbé e lé ojú ihò láìdè é. Bí ìdérí náà bá ń fò sókè-sódò lórí ihò, tí èéfín sì ń fẹ́ jáde bí ìkòkò tó ń hó, bẹ́ẹ̀ PCV dára, ríìnì ló ti jẹ. Gáskẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá kò ní dá a dúró.

Bí PCV nìkan bá ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ nu ojú irin méjèèjì títí tí kò fi ní ọ́ìlì. Gọ́ọ̀mù kò kọjá ìkán kékeré ní igun tí ìdérí táímíìnì ti pàdé orí ẹ́ńjìnì. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù yí gbogbo kọ́fà po ń dá ìṣòro mìíràn sílẹ̀: èyí tó bá já sínú á lọ dí asẹ́ tó wà lẹ́nu páǹpù ọ́ìlì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di nọ́ọ̀tì láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, Nm 8 sí 11 (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń di nọ́ọ̀tì) ti tó. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára fà á ló ń tẹ kọ́fà.

Ẹ fọ ọ́ìlì tó ti dà sórí mánífóòdù nígbà tó bá tutù. Òórùn ṣì lè wà fún ọjọ́ mélòó kan títí èyí tó kù á fi jó tán. Ẹ má torí ìyẹn tún un tú.

Bíi pílásítíìkì ló ń rùn, fíúsì sì ń já.
Ẹ yọ orí òdì (−) bátìrì, kẹ́ ẹ pe rewáyà. Ibí yìí ni à ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ẹ má fi fíúsì 30 sípò 15, ẹ má sì fi wáyà dí i. Bí fíúsì kò bá já, wáyà ló máa jó. Ẹ sọ fún rewáyà bóyá ẹ ti fi gílóòbù 100W rọ́pò 55W tàbí 60W iná iwájú. Ìlọ́po méjì iná, tàbí kó sún mọ́ ọn, nìyẹn ń fà gba inú wáyà tí kò nípọn sí i, ìdí gílóòbù ló sì ń kọ́kọ́ yọ́.